Ìyá Tí Ó Mọ Ibojì Ọmọ Rẹ̀

Ní Uwasota níbí, nínú ìlú Benin, bí ẹ bá béèrè ilé Èyítọ́pẹ́, àwọn èèyàn á kàn máa wo ara wọn lójú ni. Ẹ béèrè ilé Ìyá Jámánì, oníkẹ̀kẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àúchì dé lánàá á gbé yín débẹ̀. Ẹ̀yìn ilé lẹ ti máa bá a, níwájú ààrò bíríkì tó ń fi igi dáná sí, níbi tó ti ń yan búrẹ́dì tí àwọn obìnrin ọjà Santana ń wá kó láàárọ̀. Àwọn aṣebúrẹ́dì yòókù ti bọ́ sórí gáàsì. Òun ò bọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ òun ní Ellernfeld.

Ellernfeld ni abúlé tí òun àti Títíloyè, ọkọ rẹ̀, gbé ní ilẹ̀ Jámánì, nígbà tí Títíloyè ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa igi rọ́bà ní ìlú kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa, a ti gbọ́ ìtàn Ellernfeld títí ó fi sú wa. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́, ó di Ellernfeld. Bí a bá ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì lórí Jẹ́ríkò, kí a tó yí odi náà ká lẹ́ẹ̀kan, Èyítọ́pẹ́ á ti ní odi kan wà ní Ellernfeld tó jọ ọ́. Àwọn obìnrin á wá máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn.

“Ìyá Jámánì,” ni ọ̀kan á sọ, “ọkùnrin òyìnbó wo gan-an lẹ fi síbẹ̀ tí ọkàn yín ò fi kúrò níbẹ̀?”

Òun náà á rẹ́rìn-ín. “Ọkùnrin ni lóòótọ́. Ó sì rẹwà ju ọkọ gbogbo yín lọ.”

Gbogbo wọn rò pé àwàdà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọkùnrin náà, Olúwaṣẹ́gun ni orúkọ rẹ̀, àkọ́bí Èyítọ́pẹ́. Inú ilẹ̀ Ellernfeld ni wọ́n sin ín sí. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ sì ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ìgbà tó ti padà sí Benin ni pé kí ojú òun tún kan ibojì yẹn kí òun tó kú.

Èmi mọ̀, nítorí ògiri kan ló là wá láàárín, mo sì máa ń bá a jókòó nídìí ààrò. Ibẹ̀ ló ti sọ irú abúlé tí Ellernfeld jẹ́ fún mi.

Abúlé kékeré ni, láàárín òkè méjì. Láyé àtijọ́, ogun gba ibẹ̀ kọjá, àjàkálẹ̀ àrùn tẹ̀ lé ogun, àwọn tó ṣẹ́kù ò pọ̀. Nítorí pé ẹbí ọ̀pọ̀ èèyàn ti tán, wọ́n dá òfin pé aládùúgbò ẹni ni yóò máa ṣe òkú ẹni. Òfin náà ò tíì yí padà. Bí èèyàn bá kú ní Ellernfeld, ẹbí kì í gbé ọwọ́ sí nǹkan kan. Aládùúgbò àkọ́kọ́, ìyẹn ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sún mọ́ tìrẹ jù lọ, ni yóò lọ láti ojúlé dé ojúlé láti túfọ̀. Òun ni yóò wá agbẹ́lẹ̀, òun ni yóò wá àwọn tí yóò gbé pósí, òun náà ni yóò sọ fún ẹni tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Agogo pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ìjọba kó ti àtijọ́ lọ láti yọ́ ọ fi ṣe ìbọn nígbà ogun, àwọn ará abúlé wá so irin ojú irin mọ́ ẹ̀ka igi, òun ni wọ́n ń lù fún òkú wọn títí wọ́n fi rí òmíràn rọ.

Ààrò búrẹ́dì kan ṣoṣo ló wà láàárín abúlé, ti gbogbo wọn. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ yan, nítorí ẹni àkọ́kọ́ ni yóò fi igi tirẹ̀ mú ààrò tútù gbóná fún àwọn tó kù. “Ẹ ṣàkíyèsí,” Èyítọ́pẹ́ á sọ, “kèké yẹn fẹ́ràn ilé àwa àlejò púpọ̀.”

Bó bá di ọjọ́ Sátidé, gbogbo obìnrin á gbá iwájú ilé wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé agolo ìbomirin, ó di itẹ́ òkú. Òdòdó ni wọ́n ń gbìn sórí òkú wọn. Wọ́n á bomi rin ín, wọ́n á fi réèkì ha ilẹ̀ iwájú rẹ̀ títí yóò fi là tééré-tééré bí orí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Obìnrin tí koríko bá hù lórí ibojì èèyàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á fi yan búrẹ́dì lọ́sẹ̀ náà.

“Ṣé ẹ̀rù òkú kì í bà wọ́n ni?” mo bi í.

“Ìyá Ṣùbòmí, ahọ́n aládùúgbò ló ń bà wọ́n lẹ́rù.”

Mo ní ìyẹn ò yàtọ̀ sí Uwasota.

Ìgbà òtútù ni ibà kan tó ń mú ọrùn ọmọdé gan kọlu Olúwaṣẹ́gun. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù láàyè, pósí funfun ni wọ́n fi gbé e padà.

Gbogbo wa la mọ òfin tiwa. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ. Bí ọmọ bá ṣáájú ìyá àti bàbá rẹ̀ lọ, ẹlòmíràn ni yóò gbé e, ẹlòmíràn ni yóò bò ó mọ́lẹ̀, ìyá ò sì gbọdọ̀ béèrè ibi tí wọ́n gbé e sí. Títíloyè tẹ àwọn èèyàn rẹ̀ láago. Olúfúnkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló gbé fóònù.

“Má jẹ́ kó débẹ̀ o,” Olúfúnkẹ́ wí. “Bí ìyàwó rẹ bá fi ojú rí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ yẹn, ilé ọmọ rẹ̀ ti pa dé nìyẹn. Ìwọ náà, jókòó sílé rẹ.”

Títíloyè jókòó sílé. Ó fa kọ́tìnì, ó ní kí ìyàwó òun náà jókòó. Ṣùgbọ́n wọ́n ní aládùúgbò àkọ́kọ́. Obìnrin opó kan tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwọn ni, Hedwig, tí gbogbo ọmọdé abúlé ń pè ní Oma, ìyẹn ìyá àgbà. Oma Hedwig ti túfọ̀ tán, ó ti wá agbẹ́lẹ̀, agogo ti ń dún, ó wá wọlé láti mú ìyá òkú. Ó bá a nínú aṣọ ilé.

“Kí lò ń ṣe níbí?”

“Ní ilé tiwa, ìyá kì í lọ.”

Oma Hedwig ò bá a jiyàn. Ó bọ́ kóòtù dúdú ọrùn ara rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un bí ẹni ń wọ aṣọ fún ọmọ iléèwé, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Bí ìwọ ò bá mọ ibẹ̀,” ó ní, “ta ni yóò máa bomi rin ín?”

Títíloyè pariwo láti inú yàrá. “Èyítọ́pẹ́! Bí o bá kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn, ohun tí ojú rẹ bá rí níwájú, ìwọ nìkan lo rí i o!”

Ó kọjá.

Wọ́n sin ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ìkẹta sí ẹnubodè. Gbogbo abúlé wá. Gbogbo abúlé sì rí i pé bàbá òkú ò sí níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ti dé ìdí ààrò: ọkùnrin dúdú yẹn ò sin ọmọ rẹ̀. Bóyá kì í ṣe òun ló bí i. Bóyá ọmọ ò jọ wọ́n lójú lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ọkùnrin tó máa ń kí i láàárọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara wọn. Ó lọ síbi tí ẹgbẹ́ panápaná abúlé ti ń jókòó mu bíà, ẹgbẹ́ tí òun náà wà nínú rẹ̀, àga kan ṣoṣo ló ṣófo. Bó ṣe ń sún mọ́ ọn, ọ̀kan lára wọn na ẹsẹ̀, ó fi bàtà ti àga náà sábẹ́ tábìlì. Títíloyè yí padà sílé.

Wọn ò mọ̀ pé nígbà tí agogo ń dún, ẹ̀yìn kọ́tìnì ló dúró sí, tó ki etí kọ́tìnì bọ ẹnu kí igbe má bàa jáde. Èyítọ́pẹ́ mọ̀, nítorí ó rí ojú eyín lára aṣọ náà nígbà tó fẹ́ fọ̀ ọ́. Ó lè sọ fún wọn. Kò sọ. Òun náà ń bínú sí i.

Ní gbogbo Sátidé títí ẹ̀kọ́ ọkọ rẹ̀ fi parí, ó ń gbé agolo lọ bá ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ẹrù mọ́, Oma Hedwig ní kó má mikàn. “Ṣebí èmi ni aládùúgbò àkọ́kọ́. Òkú náà ní aládùúgbò.”

Nígbà tí wọ́n dé Benin, Títíloyè ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ rọ́bà kan, ó sì ṣòfin pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá orúkọ Olúwaṣẹ́gun nínú ilé òun. Èyítọ́pẹ́ gbà. Ó wá sọ orúkọ abúlé di orúkọ ọmọ. Ìdí tó fi ń fi Ellernfeld dá wa lágara nìyẹn. Oyún ò tètè dúró fún un mọ́. Olúfúnkẹ́, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá báńkì, tí wọ́n sì ń gbé ní GRA, kì í wá sí Uwasota bí kò bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi gún un.

“Ẹsẹ̀ tó ti tẹ itẹ́ òkú,” á máa wí, á máa fẹ́ atẹ́gùn sí àyà, “ṣé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ fẹ́ wá bá ṣeré?”

“Ẹ ṣé, Àǹtí mi,” Èyítọ́pẹ́ á dáhùn. “Ẹ jẹ búrẹ́dì.”

Olúwa dá a lóhùn nígbà tó yá, ó bí Olúwadámiláre. Ọmọ náà dàgbà, ó ń gbọ́ Yorùbá bí ajá ṣe ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, Pidgin ló fi ń dáhùn. Gbogbo Kérésìmesì ni Oma Hedwig ń tẹ̀ wọ́n láago, á sọ òdòdó tí òun gbìn lọ́dún náà fún ìyá ọmọ. Lẹ́yìn náà, Kérésìmesì kan dé, fóònù ò dún. Èyítọ́pẹ́ yan búrẹ́dì dúdú bíi ti abúlé yẹn, ó gbé e wá fún mi, ó ní òun ń ṣọ̀fọ̀ Oma Hedwig. Búrẹ́dì náà le bí ọkàn Fáráò. Mo jẹ ẹ́ nítorí ọ̀fọ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Dámiláre ríṣẹ́ sí ilẹ̀ Jámánì, ó sì kọ́ èdè wọn. Inú ìyá rẹ̀ dùn bíi ti Hánà. Ó ní kó lọ sí Ellernfeld, kó dúró níwájú ibojì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó fi fídíò pe òun, kí òun rí i.

Títíloyè gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. “Dámiláre, iṣẹ́ lo bá lọ síbẹ̀. Abúlé yẹn ti tú. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́.”

“Daddy, I check am for map. E dey.”

“Mo ní o má lọ!”

Ọmọ ò gbọ́. Ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn Àjíǹde, lọ́sàn-án, Èyítọ́pẹ́ wọ léèsì, ó wé gèlè bí ẹni ń lọ ṣe ìdúpẹ́. Ó gbé fóònù ti agolo mílíìkì lórí tábìlì pálọ̀. Ó ní kí n wá jókòó ti òun. Ẹnikẹ́ni ò pe Olúfúnkẹ́, ṣùgbọ́n ó wá. Títíloyè wọlé, ó jókòó sórí àga tirẹ̀, ó kọjú sí fèrèsé.

Fóònù dún. Ojú Dámiláre yọ, atẹ́gùn ń fẹ́ gbogbo irun rẹ̀.

“Mummy, I don reach o. Good afternoon, Auntie.”

“Ọmọ mi, fi ààrò hàn mí.”

Ó fi ilé òkúta kékeré kan hàn wá, àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. “Dem don lock am. Na visitor dem dey open am for.”

“Kò burú. Yà sọ́wọ́ òsì. Igi ńlá tí wọ́n so irin mọ́ nígbà ogun wà níbẹ̀.”

“Mummy, tree no dey.”

“Ó wà. Wò ó dáadáa.”

Kùkùté ló wà, wọ́n ti gbé bẹ́ǹṣì lé e. Èyítọ́pẹ́ nu ojú, ó ní kó máa lọ. Ó ń darí rẹ̀ láti Uwasota bí ẹni ń rán ọmọ lọ sí ilé kejì: ibí ni panápaná, ibẹ̀ ni ilé Oma, ṣí ẹnubodè onírin yẹn, ó máa ń dún. Ẹnubodè dún. Ó rẹ́rìn-ín. “Mo sọ fún yín! Ó yá, ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìkíní. Ìkejì. Ìkẹta nìyẹn. Sún mọ́ ọn kí n rí i.”

Dámiláre ò sún mọ́ ọn.

“Dámiláre.”

“Mummy, na another person name dey here. One old man. E be like say dem just bury am last year.”

“Wo èkejì rẹ̀.”

“I don check everywhere, Mummy.”

Ọkùnrin arúgbó kan yọ sí i pẹ̀lú agolo ìbomirin lọ́wọ́. Ó bi í ní ọ̀rọ̀, Dámiláre dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sọ èdè Jámánì díẹ̀. Ọkùnrin náà ń fi ọwọ́ ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èèyàn rere. Èmi àti Olúfúnkẹ́ ò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo rí i tí Títíloyè di ọwọ́ àga mú. Mo sì rí i tí Dámiláre gbójú sílẹ̀, tó ní, “Mummy, make I call you back.”

“Dúró níbẹ̀,” Èyítọ́pẹ́ wí. “Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ìyá Ṣùbòmí ni kò gbọ́.”

Ó wá kọjú sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ bí àwọn ògbufọ̀ ṣe máa ń túmọ̀ ìwàásù nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbólóhùn kan lẹ́yìn èkejì, ohùn rẹ̀ tẹ́jú.

“Ó ní òfin abúlé ni pé òkú kì í jókòó títí láé sójú kan. Bí àkókò rẹ̀ bá pé, wọ́n á bi ẹbí rẹ̀ bóyá wọ́n ṣì ń fẹ́ ibẹ̀. Bí ẹbí bá ní àwọn ò fẹ́ mọ́, wọ́n á yọ òkúta, wọ́n á fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Ó ní nígbà tí Hedwig kú, nọ́ńbà wa wà lọ́wọ́ wọn. Ó ní àwọn pe bàbá ọmọ dúdú kékeré yẹn. Ó ní bàbá rẹ̀ ṣì gbọ́ èdè wọn dáadáa. Ó ní bàbá rẹ̀ dáhùn pé, ‘A ò ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.’”

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni Ábúráhámù, tó ra ihò Mákípélà fún Sárà pátápátá, tó ní kí gbogbo ìlú ṣe ẹlẹ́rìí. Bàbá wa gbọ́n. Ó mọ̀ pé ibì kan wà tí òkú pàápàá jẹ́ ayálégbé.

“Ó káre,” Olúfúnkẹ́ wí. “Ohun tó yẹ kó ti ṣe látijọ́ ni.”

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, “ẹ” ni Èyítọ́pẹ́ fi ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn, ó ní, “Kí ló dé tí o ò bi mí?”

“Nítorí mo mọ ohun tí o máa sọ.”

“Títíloyè.”

“Òbí kì í mọ ibojì ọmọ!” Títíloyè yí padà sí wa, ojú rẹ̀ ti pọ́n. “Èmi ni mo gbà ọ́ lọ́wọ́ ibẹ̀. Wọ́n pè mí bíi pé mo gbàgbé agboòrùn sílé wọn. Àwọn tó fi bàtà ti àga kúrò níwájú mi! Ṣé àwọn yẹn ni mo fẹ́ máa bẹ̀ nítorí ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì?”

Èyítọ́pẹ́ kọjú sí fóònù. “Dámiláre, bi í pé òkúta náà ńkọ́.”

Arúgbó náà gbọ́ ìbéèrè náà, inú rẹ̀ dùn pé òun lè ṣe oore. Ó mú Dámiláre lọ sí ẹ̀yìn ilé kékeré kan, níbi ẹ̀rọ omi tí gbogbo wọn ti ń pọn omi òdòdó. Dámiláre dúró níbẹ̀, ó ń yí fóònù káàkiri. “Mummy, I no see am. Na only tap dey here.”

Arúgbó náà nàka sí ilẹ̀. Fóònù tẹ̀ lé ìka rẹ̀. A rí bàtà Dámiláre. A rí òkúta pẹlẹbẹ lábẹ́ bàtà náà, omi àti ẹrẹ̀ lórí rẹ̀, agolo ọkùnrin náà lórí rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ síbẹ̀ kí ẹrẹ̀ má bàa máa ba bàtà àwọn tó ń pọn omi jẹ́. Arúgbó náà gbé agolo rẹ̀ kúrò, ó sì fi ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ nu orí òkúta náà fún wa kí a lè kà á. OLUWASEGUN. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

“Dámiláre,” Èyítọ́pẹ́ wí, “sọ̀ kalẹ̀. Orí ẹ̀gbọ́n rẹ lo dúró lé.”

Ọmọ náà fò sẹ́yìn, fóònù jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òfuurufú nìkan la rí.

“Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?” Olúfúnkẹ́ bi í. “O ti rí ibojì. O ti rí ohun tí ojú ìyá kì í rí.”

Èyítọ́pẹ́ tú gèlè rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó fi sórí tábìlì. Ó wo ọkọ rẹ̀. “Bí o bá ṣáájú mi, èmi náà ò ní mọ ibojì tìrẹ.”

Títíloyè rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. “Ìyàwó kì í ṣe òbí.”

“Mo ti sọ tèmi.”

Láti ọjọ́ náà lọ, kò bá a jà, kò kó jáde nílé. Ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ fún un lásìkò. Iyọ̀ pé, ata pé, ẹran pé. Ọ̀rọ̀ nìkan ni kì í fi kún un. Nígbà tí mo rí i pé ó ti ń pẹ́, mo gbé Bíbélì mi, mo ka ibi tí Jésù ti sọ fún Pétérù nípa àádọ́rin lọ́nà méje fún un. Ó ṣe àmín.

“Mo ti dárí jì í, Ìyá Ṣùbòmí. Mo sọ fún Ọlọ́run láàárọ̀ yìí náà.” Ó ti igi sínú ààrò. “Ṣùgbọ́n mi ò mọ ibojì rẹ̀.”

Mo ṣí Bíbélì síwájú sí i, mi ò rí ibi tí mo lè kà fún ìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbà mú Títíloyè lápá kan. Èyítọ́pẹ́ ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń yí i padà, kò sì jẹ́ kí egbò kankan yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn, Títíloyè ń bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

“Mo ti sọ fún Dámiláre. Ó bá àwọn ará abúlé yẹn sọ ọ́. Wọ́n gbà. Á gbé òkúta náà wá. A máa rì í mọ́ ẹ̀yìn ilé.”

“Ẹ fi sílẹ̀,” Èyítọ́pẹ́ dáhùn. Ó ti padà sí “ẹ,” èyí tó burú ju “o” ìjọ́sí lọ. “Níbẹ̀ yẹn, omi ń dé ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Nílé yín, ta ni yóò bomi rin ín?”

“Èyítọ́pẹ́, jọ̀ọ́. Ohun tí o sọ níjọ́sí. Má ṣe é.”

Ó nu itọ́ kúrò létí ẹnu rẹ̀. “Ẹ la ẹnu. Ògì ń tutù.”

Títíloyè kú nígbà tí òjò ń dáwọ́ dúró. Ọ̀wọ̀, nínú ọgbà ilé bàbá rẹ̀, ni wọ́n gbé e lọ. Èyítọ́pẹ́ tẹ̀ lé òkú náà, ó wọ dúdú láti òkè délẹ̀, ó kí gbogbo àlejò, ó kọrin nígbà ìsìn pálọ̀, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbé pósí jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, tí gbogbo èèyàn dìde, ó jókòó.

Olúfúnkẹ́ sáré wọlé. “Dìde! Pásítọ̀ ń pè ọ́. Wá da erùpẹ̀ sí ọkọ rẹ.”

“Mi ò mọ ibẹ̀, Àǹtí.”

“Ẹ̀yìn ilé níbí ni! Fèrèsé yìí gan-an ló kọjú sí i!”

“Mi ò mọ ibẹ̀.”

Dámiláre wọlé, ó ní, “Mummy, abeg.” Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì jáde lọ da tirẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ pọ̀. Nígbà náà ni Olúfúnkẹ́, ìyàwó ọ̀gá báńkì, fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀, léèsì rẹ̀ nínú eruku. “Èyítọ́pẹ́, má dójú ti wá. Gbogbo ìlú ń wò.”

Èyítọ́pẹ́ dìde. Olúfúnkẹ́ rò pé ó ti gbà. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló lọ, ó fa kọ́tìnì, ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Níta, wọ́n ń kọ orin ìdágbére. Ó pẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀. Nígbà tó kúrò, etí kọ́tìnì náà rin gbindin, ó sì wọ́ jọ. Mo tẹ́ ẹ padà kí ẹlòmíràn tó rí i.

Kí a tó padà sí Benin ni àwọn ará Ọ̀wọ̀ ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Obìnrin yẹn ò sin ọkọ rẹ̀. Bóyá ó mọ ohun tó pa á. Bóyá ọkọ kì í jọ wọ́n lójú ní Jámánì tó gbé.

Lóṣù tó kọjá, Olúfúnkẹ́ wá sí Uwasota. Kò fẹ́ atẹ́gùn sí àyà. Ó dúró nínú ooru ààrò, ó ní ẹbí fẹ́ gbé òkúta mábù sórí Títíloyè, ẹni tó máa fín in sì ti ń dúró. Àṣà ni pé kí ìyàwó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa kọ sí i. Ó ní kó kàn sọ ohunkóhun. Ó ní kódà bó jẹ́ “Sùn re o” lásán.

Èyítọ́pẹ́ ti pátákó rẹ̀ bọ inú ààrò, ó fa búrẹ́dì kan jáde, ó gbá a ní ìdí láti gbọ́ bó ṣe jinná sí.

“Àǹtí mi,” ó ní, “a ò ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.”

Èyítọ́pẹ́ wé búrẹ́dì náà sínú bébà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Olúfúnkẹ́, ó sì kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ìyàwó ilé ṣe.

“Ó ṣì gbóná o, mà. Ẹ má jẹ́ kó jó yín lọ́wọ́.”